Gúlú Ta Ni?

Ẹ bá mi bá ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ìbejì, kẹ́dùn. Ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀ wọ́n. Búrẹ́dì ló kú. Fún àwa yòókù, ó ṣì wà láàyè, ó ṣì ń ti inú ààrò jáde láràárọ̀ pẹ̀lú òógùn lára; àwọn nìkan ló kú mọ́ lọ́wọ́. Dókítà ló fọwọ́ sí ìwé ikú, Ìyá Ìbejì ìyàwó wọn ló kéde rẹ̀ fún ẹbí, èmi àbúrò ni mo wá ń ṣe ìsìnkú lónìí, nítorí ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fúnra wọn tó gbà pé òkú náà ti kú.

Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n ní Ọ̀fà lè rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Ẹ di ojú ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé búrẹ́dì mẹ́ta sí wọn nímú. Wọn á mọ èyí tó ti Ìlọrin wá, wọn á mọ èyí tó ti Òṣogbo wá, wọn á sì mọ èyí tí wọ́n yan níhìn-ín láti ìjẹta tí wọ́n ń pè ní tòní. Bí wọ́n bá jókòó ti ẹ̀wà àgányìn, wọn kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ kan búrẹ́dì. Wọn á dì í mú lórí-nídìí, wọn á máa fà á jẹ́jẹ́ bí ẹni ń yẹ aṣọ òfì wò lọ́wọ́ aláṣọ. Yóò nà, yóò nà, yóò tún nà, kó tó já. "Ẹ wò ó bó ṣe ń nà," wọn á wí, "búrẹ́dì nìyẹn." Wọn ò mọ̀ pé ọ̀tá àwọn gan-an ni àwọn ń fà lọ́wọ́.

Ó tó ọdún mẹ́ta tí inú ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ikùn wọn á wú bí ìlù, á máa dún bí ẹni tó ń ti àga àti tábìlì kiri nínú yàrá kejì. Wọ́n ń rù. Ṣòkòtò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá olówó mìíràn. (Inú tèmi náà máa ń wú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan o, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni tèmi.) Ẹ sì mọ ìlú wa, kò sí ẹni tí kì í ṣe dókítà. Ẹnì kan ní táífọ́ọ̀dù ni, ẹnì kan ní ọgbẹ́ inú ni. Àwọn alágbo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé àdídùn ló pọ̀ jù lára wọn, wọ́n wá po nǹkan tó dúdú bí ọ́ìlì ọkọ̀ sínú ìgò fún wọn. Àǹtí wa àgbà ní iṣẹ́ ayé ni, kí wọ́n lọ ronú sí ẹni tí wọ́n jọ du ipò akápò ẹgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ti gbogbo wọn. Wọ́n lo oògùn, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n ronú sí akápò, wọ́n mu agbo. Agbo yẹn sì korò débi pé bí wọ́n bá ti gbé e mì tán, búrẹ́dì ni wọ́n fi ń pa ẹnu dà. Agbo ń bá àrùn jà níwájú, búrẹ́dì ń kó ọmọ ogun wá fún un lẹ́yìn.

Nígbà tó yá ni wọ́n dé iwájú dókítà kan ní Ìlọrin, ọmọbìnrin tí wọ́n lè bí. Ọmọ náà ní kí ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀. Búrẹ́dì. Lọ́sàn-án? Ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Lálẹ́? Sẹ̀mó. Kí wọ́n tó sùn ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n wo ìyàwó wọn, ìyàwó wọn wo òrùlé.

Dókítà ní òun fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àmọ́ kí wọ́n má tíì fi búrẹ́dì sílẹ̀ o, kí wọ́n ṣì máa jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ó ní àwọn ọmọ ogun tí ara ń kó jáde láti bá nǹkan inú búrẹ́dì jà ni àyẹ̀wò náà ń wá. Bí ẹni náà bá ti dẹ́kun àtijẹ ẹ́, ọmọ ogun á padà sí báráàkì, àyẹ̀wò á wá sọ pé ìlú tòrò.

Ẹ̀gbọ́n ní kó bá àwọn kọ ọ́ sílẹ̀.

Mi ò rí ìgbà tí ayé dùn mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ara fíríìjì. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, wọn á nàka sí i: "Àṣẹ dókítà ni." Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, lẹ́yìn oúnjẹ, bí ẹni tó ń lo oògùn ibà, bí wọ́n bá sì gbàgbé ti ọ̀sán, wọn á san án pọ̀ mọ́ ti alẹ́.

Èsì ẹ̀jẹ̀ jáde. Wọ́n tún ti okùn kámẹ́rà gba ọ̀fun wọn dé ìfun, wọ́n já ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Dókítà pe tọkọtaya jókòó, ó ní àrùn náà ń jẹ́ sílíàkì, pé gluten ló ń fà á.

"Gúlú ta ni?" Ìyá Ìbejì ti dìde dúró. "Gúlú ta ni? Níbo ni wọ́n ti pàdé?"

Láti ọjọ́ náà, Gúlútani lorúkọ rẹ̀ ní àdúgbò wa, orúkọ náà sì bá a mu ju èyí tí òyìnbó sọ ọ́ lọ. Inú àlìkámà ló ń gbé, inú bálì àti ráì náà sì ni ibùgbé rẹ̀. Òun ni ń so ìyẹ̀fun pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pò ó, òun ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì nà bí rọ́bà. Dókítà ní ìfun kékeré tiwa ní nǹkan wẹ́wẹ́ tó hù lára rẹ̀ bí koríko pápá bọ́ọ̀lù, àwọn ló ń fa agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Lára ẹni tó ní sílíàkì, bí Gúlútani bá ti yọjú, ara á pariwo olè, á rán ọmọ ogun jáde. Ẹ sì mọ ọmọ ogun. Wọn kì í mú olè kí wọ́n máa lọ. Gbogbo àdúgbò ni wọn á gbá bolẹ̀, koríko ò ní ṣẹ́ kù níbẹ̀. Oúnjẹ á wá máa kọjá lórí ilẹ̀ pípá bí ọkọ̀ ojú irin tí kò dúró ní Ọ̀fà. Ẹ lè jẹ odidi ìkòkò, ebi lẹ fi jẹ.

Ẹ má sì pè é ní àrùn òyìnbó. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá fínra káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀. Ibi tí wọ́n ti rí i pọ̀ jù ni ọ̀dọ̀ àwọn Sahrawi nínú aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà wa níbí: ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1999 rí i lára ọmọ tó ju márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tún máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ìdílé rìn. Dókítà ní kí àwa tí a jọ ti inú ìyá kan jáde wá ṣe àyẹ̀wò tiwa. Ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ, mo kàn ní kí n fi tó yín létí ni.

Ẹ̀gbọ́n béèrè oògùn. Kò sí. Kí wọ́n yàgò fún Gúlútani títí ọjọ́ ayé, ìyẹn ni oògùn. "Kí wá ni kí n máa jẹ?" Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka: iyán, àmàlà, ẹ̀bà, fùfú, láfún, ẹ̀kọ, ògì, ìrẹsì, tùwó, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo, iṣu sísun, ẹran, ẹja, ẹyin, gbogbo ọbẹ̀ tí a bá fọwọ́ ara wa sè. Ìka ọwọ́ méjèèjì tán, ó ti ń wo ìka Ìyá Ìbejì. Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀.

"Dókítà, ìyẹn ni pé ebi ló máa pa mí."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ẹjọ́ yìí fún mi. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí dókítà bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún á lọ máa ra ìyẹ̀fun gbágùúdá nínú ọ̀rá kékeré ní owó ńlá, gbágùúdá tí a fi ń ṣe ẹ̀bà tí àwọn ọmọ ń sá fún. Ọkùnrin tí wọ́n bí sí àárín gbogbo oúnjẹ yìí, lórí ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́, ló wá ń sunkún pé kò sóúnjẹ. Ọmọ ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìjàkadì káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, búrẹ́dì olówó póò gbé wọn ṣánlẹ̀, ẹ̀yìn wọn balẹ̀ gbàgàdà lójú agbo.

Bí a bá ń wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù, ojú irin ni kí á mú. Nígbà tí 1908 fi máa parí, réluwé ti kọjá níwájú ilé wa dé Ìlọrin. Ní 1913, ará Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Amos Shackleford wá sí Nàìjíríà láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé nínú iṣẹ́ réluwé yìí kan náà. Ó fi kálámù sílẹ̀, ó gbá ìyẹ̀fun mú, ní 1921 ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Láti ìgbà náà ni búrẹ́dì ti di àmì pé ènìyàn ti ìrìn àjò dé. Ẹni tó ti Èkó bọ̀ tí kò mú búrẹ́dì lọ́wọ́, kò tíì ti ibì kankan bọ̀, ẹ bi àwọn ọmọdé. Bàbá wa máa ń mú un bọ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n á dúró lẹ́bàá ojú irin, ẹ̀gbọ́n kì í wo ojú bàbá, ọwọ́ bàbá ni wọ́n ń wò.

Ìjọba tilẹ̀ gbìyànjú láti gbà wọ́n sílẹ̀ nígbà kan. Ní 1987, Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọ ìlú, bálì náà ò pẹ́ tẹ̀lé e, àwọn ilé ọtí sì kọ́ bí a ṣe ń fi ọkà bàbà pọn bíà. Búrẹ́dì ò tán nígboro, àmọ́ ó wọ́n bí ojú. Ẹ̀gbọ́n ṣì máa ń ròyìn ìyà ọdún náà bí ẹni ròyìn ogun. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan bí inú ń dùn wọ́n nígbà náà. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní rárá, ara àwọn le nígbà náà. Dókítà ní àrùn yìí lè yọjú nígbà èwe tàbí nígbà àgbà, kí n má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe, n ò ní fi ìyẹn sílẹ̀ fún dókítà. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi wà lábẹ́ ìtọ́jú Babangida lọ́fẹ̀ẹ́. 1992 ni wọ́n gbé òfin kúrò.

Ìròyìn tàn pé Bàbá Ìbejì ti ilé ìwòsàn dé. Kí ni Yorùbá ń gbé lọ kí aláìsàn? Mo dé ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo bá ẹ̀gbọ́n lórí àga, búrẹ́dì mọ́kànlá tò yí wọn ká. Mo kà á. Alákàrà gbé ọ̀kan wá, olórí àdúgbò gbé méjì, akápò ẹgbẹ́ tí Àǹtí ní kí wọ́n ronú sí gbé èyí tó tóbi jù, tó ní èso gbígbẹ nínú. (Ẹ̀gbọ́n ní ẹ ò rí i bí, ayé ni lóòótọ́.) Gbogbo wọn ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: "A gbọ́ pé inú ni, la ṣe ní kí á mú nǹkan tí kò le wá." Ẹ̀gbọ́n ń dáhùn pé ẹ ṣé, ẹ ṣeun, wọ́n ń fi ọwọ́ pa èyí tó gbóná lórí bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Omi wà lójú wọn. Àwọn àlejò rò pé ọpẹ́ ni.

Ọ̀rẹ́ wọn kan gbé tirẹ̀ wá pẹ̀lú ìgboyà. Ó ní òun ti gbọ́ ti Gúlútani, búrẹ́dì gbágùúdá lòún mú wá, irú èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan pariwo rẹ̀ nígbà tó wà lórí oyè. Ojú ẹ̀gbọ́n tàn. Wọ́n ti na ọwọ́. Ìyá Ìbejì, tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ní kí wọ́n dúró ná: èyí tí Ààrẹ jẹ yẹn, ìyẹ̀fun gbágùúdá ò ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. "Ta ló ni ọgọ́ta tó kù?" Kò sí ẹni tó dáhùn. Gúlútani ló ni ín.

Ó kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń jáde ni ẹ̀gbọ́n ń sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé wọ́n ń fa ọmọbìnrin fún ọkọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ìyá Ìbejì bi wọ́n. Wọ́n ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Dókítà bi wọ́n lórí fóònù. Wọ́n búra pé àwọn ò fi ẹnu kàn án. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá Ìbejì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kó yọ agbádá tí wọ́n máa wọ lọ kírun síta fún lílọ̀, ó rí èèrà. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ iléèwé lórí pápá, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn gòkè, wọ́n kọjá lára aṣọ àńkárá, wọn ò yà síbẹ̀, wọ́n kọjá lára dàńṣíkí, àfi inú àpò iwájú agbádá funfun ni wọ́n wọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Náílọ̀n ló kọ́kọ́ dún. Àbọ̀ búrẹ́dì ló tẹ̀lé e, wọ́n ti fi bọ́tà pa á lára, wọ́n ti gé e jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọkọ mi, ẹ máa bọ̀," ló pè mí lórí fóònù, "ẹ wá bá mi wo ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń gbé lọ bá Ọlọ́run."

Mo dé bá wọn lórí ẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n ní sàráà ni, pé àwọn alágbe ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí làwọn fẹ́ fún. Ìyá Ìbejì ní sàráà dára. Ó gbé búrẹ́dì náà sókè sí ojú fèrèsé kí gbogbo wa lè rí ibi tí wọ́n ti gé e jẹ. Ojú eyín náà hàn kedere nínú bọ́tà, láàárín rẹ̀ gan-an ni ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí eyín ò kàn. Èéjí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní èéjí nínú ilé yẹn.

"Alágbe wo ló ní èéjí, Bàbá Ìbejì?"

Ẹ̀gbọ́n ní ẹ jẹ́ kí á lọ, ìrun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ìtàn dókítà Dicke fún wọn, ará Netherlands tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé. Ó ti ń fura sí búrẹ́dì tipẹ́. Nígbà ogun Hitler, ní òtútù 1944 wọ 1945, ìyàn mú lọ́hùn-ún débi pé àwọn ènìyàn ń jẹ àlùbọ́sà òdòdó. Gbogbo ìlú ń rù, ara àwọn ọmọ tó ní sílíàkì ń yá. Ogun parí, búrẹ́dì padà dé, àwọn ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Utrecht ní 1950. Kó tó dìgbà náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni dókítà Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Haas ń fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ láti 1924, ara wọn sì ń yá; wọ́n rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń ṣe é, wọn ò mọ̀ pé búrẹ́dì tí kò sí nínú abọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ìtàn náà tán. Ohun tí wọ́n rí mú níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ yẹn kúkú jẹ búrẹ́dì nígbà tí ogun parí.

Wọ́n gba kámú ṣá. Ẹni tó bá sì gba kámú tán, ìyọnu rẹ̀ a di ti gbogbo ayé. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà.

"Ìyá, kí lẹ kọ́kọ́ dín nínú òróró yìí?"

"Pọ́fù-pọ́fù ni."

"Ẹ bá mi dà á nù, kí ẹ bu òmíràn."

Ìyá wò wọ́n láti fìlà dé bàtà. "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta kẹ́ẹ̀gì òróró? Ọdún tí ẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì mẹ́ta lójúmọ́, ta ló da nǹkan nù?"

Ẹ̀gbọ́n ò purọ́ o, òróró náà ń kó Gúlútani ràn. Òfin àgbáyé ni pé oúnjẹ tí wọ́n bá kọ sí lára pé kò ní gluten kò gbọ́dọ̀ ní ju míligíráàmù 20 lọ nínú kílò kan, èérún díẹ̀ ti kọjá ìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ìyá Ìbejì fi ń jí lọ sí ilé ẹ̀rọ ní ìdájí, kó lè jẹ́ ọkà bàbà tirẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé àlìkámà dé. Ẹlẹ́rọ ti ń bi í bóyá wọ́n lé e kúrò nílé ni.

Òde àríyá wá ni àjálù. Wọ́n máa ń gbé kúlà tiwọn dání báyìí, nínú aṣọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú fìlà tó yẹ wọ́n. Ní ìgbéyàwó kan ní Àjàṣẹ́, ìyá ìyàwó bá wọn lórí ìjókòó, ó ní ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń sá fún májèlé wa ni? Wọ́n ṣàlàyé Gúlútani títí, ìyá náà lọ sọ fún ẹbí rẹ̀ pé ìyàwó tuntun kan tó ń jẹ́ Gúlú ni kò jẹ́ kí Bàbá Ìbejì jẹun níta mọ́.

Ìbátan wa kan ní London ṣàánú wọn. Ó fi búrẹ́dì tí kò ní gluten ránṣẹ́, ó sì sọ fún wọn pé láwọn àdúgbò kan ní Ìlú Ọba, dókítà a máa kọ búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ sínú ìwé oògùn kí aláìsàn lọ gbà á ní ilé olóògùn. Ẹ̀gbọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ ṣe ìwé ìrìnnà lọ́jọ́ náà. Wọ́n tú ẹrù. Búrẹ́dì náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n dì í mú lórí-nídìí bí ìṣe wọn, wọ́n fà á kó nà. Kò nà. Ó fọ́ sí wọn lọ́wọ́ bí sìmẹ́ńtì tí iyanrìn pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ wọn títí, wọ́n ní: "Àṣé ohun tó ń pa mí gan-an ló ń dùn mọ́ mi."

Ó wá ku ibì kan. Ẹ ẹ̀ rí ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n ń gbà dé ìsọ̀ ànàmọ́ ní ọjà Ọwọ́dé? Wọ́n ń wo ẹ̀yìn bí ẹni wọ ilé ọtí nínú oṣù Ramadan. Ó nídìí. Ọ̀fà àti ànàmọ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀dùnkún, ti jọ ń bára wọn bọ̀ tipẹ́, òun la fi mọ oko wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n ti Èkó dé lọ́jọ́ kìíní, tí wọ́n ṣì ń fi imú sọ̀rọ̀, ìyá wa gbé ànàmọ́ sísè síwájú wọn, wọ́n tì í sẹ́yìn, wọ́n ní oúnjẹ ewúrẹ́. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Aládùúgbò wa tí ọ̀rọ̀ náà bà ní etí ló ń ta ànàmọ́ ní Ọwọ́dé dòní, kò sì gbàgbé.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìbejì. Ewúrẹ́ mélòó lẹ fẹ́ rà á fún?"

"Èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́, Ìyá."

"Háà! Ẹ gbé ohùn yẹn sókè díẹ̀, kí ti ìsàlẹ̀ ọjà náà gbọ́."

Wọ́n gbé e sókè. Wọ́n rà á ní ìlọ́po ohun tí ẹlòmíràn rà á, wọn ò nájà. Wọ́n ń sè é láàárọ̀, wọ́n ń dín in lọ́sàn-án, Ìyá Ìbejì ń fi ẹ̀lùbọ́ rẹ̀ ro àmàlà lálẹ́. Mo sọ fún wọn pé ànàmọ́ náà kúkú jẹ́ àlejò, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ló ti wá bíi búrẹ́dì tó ti òkè òkun wá. Wọ́n ní kí n má bá àwọn sọ̀rọ̀ búrẹ́dì nídìí oúnjẹ.

Ara wọn ti ń dá. Wọ́n ti ń sanra, ṣòkòtò ti padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀, ikùn ò dún mọ́. Ohun tó dún lọ́sẹ̀ tó kọjá ni fóònù mi. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn gbọ́ pé mò ń kọ nǹkan nípa àwọn, kò burú, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọmọ ìyá àwọn, èmi nìkan ni mi ò tíì lọ ṣe àyẹ̀wò tí dókítà sọ. Wọ́n ní ikùn mi tó ń wú nírọ̀lẹ́ yẹn ńkọ́? Mo ní ẹ̀wà ni. Wọ́n ní kí ni mo fi ń jẹ ẹ̀wà náà?

Mo ti dé Ìlọrin. Ọmọbìnrin náà ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé kí n ṣì máa jẹ búrẹ́dì bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ títí di ọjọ́ náà. Mo ní kó bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.